Ìwé Àtijọ́ Lórí Dáínósọ̀: Kí Ni Ó Yẹ Kí Á Kó Jọ?

Ó ti tó igba ọdún báyìí tí àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi ìwé sọ fún aráyé pé àwọn egungun ràgàjì tí àwọn awakùsà ń hú lábẹ́ ilẹ̀ kì í ṣe egungun òmìrán, kì í sì í ṣe ti erin, bí kò ṣe ti irú ẹranko afàyàfà kan tí ojú ènìyàn kankan kò rí láàyè rí. Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ méjì ti ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: àwọn kan ń kó egungun jọ, àwọn mìíràn ń kó ìwé tí a kọ nípa egungun jọ. Iṣẹ́ àwọn ti ìṣáájú ni gbogbo ayé mọ̀, nítorí pé egungun tí a tò nàró nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé a máa ga fíofío, tọmọdé tàgbà a sì máa wọ́ lọ wò ó. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ àwọn ìkejì kò hàn sójú táyé, nítorí pé ohun tí wọ́n ń wá kì í sábà ju ewé mélòó kan lọ, tí ó fara sin sáàárín ìwé ńlá kan tí ìyókù rẹ̀ dá lórí yanrìn, ẹfun àti èédú.

Kí ni ó yẹ ní kíkójọ nínú ìwé wọ̀nyí, ní ìrísí wo, àti nítorí kí ni? Ọ̀nà kan kò wọjà, ìdáhùn tí ó sì wà nílẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó bá gbọ́ ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn yóò fi rò pé òun ti gbọ́ tán. Èrò tèmi ni pé ẹlẹ́rìí ni ìwé wọ̀nyí jẹ́ kí wọ́n tó di ọjà, àti pé bí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan bá ṣe ń tọ́jú ẹ̀rí ni ó yẹ kí á fi dá a lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, ẹ jẹ́ kí á gbọ́ tẹnu gbogbo wọn.

Àwọn tí ń wá ìwé àkọ́kọ́

Ẹgbẹ́ tí ó lókìkí jù ni ti àwọn tí wọ́n gbà pé ìwé tí a kọ́kọ́ fi sọ ẹranko lórúkọ ni olórí, tí gbogbo ìyókù sì jẹ́ ọmọ ẹ̀yìn. Ìwé mẹ́ta ni wọ́n ń gbé gẹ̀gẹ̀. Èkíní ni èyí tí William Buckland, àlùfáà àti olùkọ́ ní Oxford, kà sétí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ní London ní ọjọ́ 20 oṣù Kejì ọdún 1824, níbi tí ó ti fún ẹranko tí a rí egungun rẹ̀ ní Stonesfield ní orúkọ Megalosaurus. Èkejì ni lẹ́tà tí Gideon Mantell, oníṣègùn ìlú Lewes, kọ sí Davies Gilbert, tí Royal Society tẹ̀ jáde ní 1825, tí ó fi sọ pé eyín tí òun rí nínú igbó Tilgate jọ eyín alángbá ńlá ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní iguana, tí ó sì tìtorí bẹ́ẹ̀ pe ẹranko náà ní Iguanodon. Ẹ̀kẹta ni ìròyìn gígùn tí Richard Owen, onímọ̀ nípa ẹ̀yà ara ẹranko, tẹ̀ jáde ní 1842, tí ó kó Megalosaurus, Iguanodon àti Hylaeosaurus sábẹ́ agboolé kan náà, tí ó sì sọ agboolé náà ní Dinosauria.

Agbára ẹgbẹ́ yìí wà nínú òfin. Òfin tí gbogbo onímọ̀ nípa ẹranko fọwọ́ sí lórí ìsọlórúkọ sọ pé orúkọ tí ó kọ́kọ́ jáde nínú ìwé títẹ̀ ni ó ni àṣẹ, kì í sì í ṣe ọjọ́ tí a fi ẹnu sọ ọ̀rọ̀ ni a ń kà, bí kò ṣe ọjọ́ tí ìwé dé ọwọ́ aráyé. Ọjọ́ pípẹ́ ni àwọn òǹkọ̀wé fi ń kọ ọ́ pé ọdún 1841 ni a bí orúkọ dáínósọ̀, nítorí pé oṣù Kẹjọ ọdún náà ni Owen kọ́kọ́ fi ẹnu sọ ìròyìn rẹ̀ ní Plymouth. Ìgbà tí òpìtàn Hugh Torrens tú ìròyìn àwọn ìwé ìgbà náà wò ni ó rí i pé ẹnikẹ́ni nínú àwọn tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà kò gbọ́ orúkọ yìí lẹ́nu rẹ̀, pé nígbà tí ó ń tún ọ̀rọ̀ náà ṣe fún atẹ̀wé ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í sí i. Bí kò bá sí ẹni tí ó tọ́jú ìwé méjèèjì, ti oníròyìn àti ti Owen fúnra rẹ̀, ta ni ì bá yanjú ọ̀rọ̀ náà?

Ṣùgbọ́n àléébù ẹgbẹ́ yìí ni pé a kò mọ ibi tí àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1677 ni Robert Plot ti tẹ àwòrán orí egungun itan kan sínú ìwé rẹ̀ lórí ẹkùn Oxfordshire. Plot rò ó bóyá erin ni, èyí tí àwọn ará Róòmù kó wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì kọ̀ ọ́, ó ní egungun òmìrán ènìyàn ni. Ní 1763, Richard Brookes tún àwòrán kan náà tẹ̀, ó sì kọ orúkọ kan sí abẹ́ rẹ̀ tí ìtìjú kò jẹ́ kí n túmọ̀. Egungun náà ti sọnù, àwòrán nìkan ni ó kù, àwòrán náà ni àwọn onímọ̀ òde òní sì fi sọ pé ó jọ ti Megalosaurus. Edward Lhuyd pẹ̀lú, ní 1699, tẹ ìwé kan tí eyín dáínósọ̀ kan wà nínú rẹ̀, ẹ̀dà 120 péré, tí Isaac Newton wà lára àwọn tí ó dá owó rẹ̀. Ta ni àkọ́kọ́ nínú wọn: ẹni tí ó rí, àbí ẹni tí ó mọ ohun tí ó rí?

Ohun mìíràn tún wà tí ó mú kí ọkàn mi ṣe kámi-kàmì-kámi lórí ẹgbẹ́ yìí. Buckland kò fún Megalosaurus ní orúkọ kejì tí òfin ń béèrè, ẹlòmíràn ni ó fún un lẹ́yìn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ní ọdún 2000, ìgbìmọ̀ tí ń ṣèdájọ́ ọ̀rọ̀ orúkọ ẹranko gba orúkọ Iguanodon kúrò lára eyín Mantell, wọ́n sì so ó mọ́ egungun tí a rí ní Bernissart, ní ilẹ̀ Belgium, nítorí pé eyín nìkan kò tó láti fi mọ ẹranko yàtọ̀ sí àwọn ìbátan rẹ̀. Ìwé 1825 ṣì wà ní ipò ọlá, ṣùgbọ́n oyè náà ti bọ́ sílé ẹlòmíràn.

Odindi ìwé, tàbí ewé tí a yọ

Àríyànjiyàn tí ó gbóná jù láàárín àwọn olùkójọ kò kan irú ìwé tí a ó rà, bí kò ṣe ìrísí tí a ó rà á ní. Àwọn ìwé ẹgbẹ́ ọlọ́gbọ́n ìgbà náà kò dá jáde. Inú ìwé ńlá àwọn ẹgbẹ́ náà ni wọ́n wà. Atẹ̀wé a sì máa tẹ ẹ̀dà ọ̀tọ̀ díẹ̀ fún òǹkọ̀wé, ewé tirẹ̀ nìkan, tí a fi bébà tẹ́ẹ́rẹ́ bò lẹ́yìn, kí ó lè pín in fún ọ̀rẹ́ àti fún ọ̀tá. Ọ̀nà kẹta ni ti àwọn òǹtàwé tí ń fi ọ̀bẹ gé ìwé ńlá sí wẹ́wẹ́, tí wọ́n ń ta ewé dáínósọ̀ lọ́tọ̀, tí wọ́n sì ń ta ìyókù fún ẹni tí ó bá bọ́ sí lọ́wọ́. Òkú àjànàkú là ń yọ ọ̀bẹ sí: nígbà tí ẹgbẹ́ tí ó ni ìwé náà ti fọ́nká, tí ilé ìkàwé rẹ̀ ti di ohun gbàǹjo, ni ọwọ́ àwọn wọ̀nyí máa ń tó o.

Àwọn tí ó fẹ́ ẹ̀dà ọ̀tọ̀ ní ìdí tí ó lágbára. Èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ a máa gbé ọjọ́ ìtẹ̀jáde nígbà mìíràn, òǹkọ̀wé a máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ ẹni tí ó fi ta lọ́rẹ sí i, a ó sì tipa bẹ́ẹ̀ mọ ẹni tí ó ka ìwé ta, àti ìgbà tí ó kà á. Ṣùgbọ́n gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run: ewé tí a gé nínú ìwé ńlá, tí a fi èèpo tuntun dì, jọ ẹ̀dà ọ̀tọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tí ojú wọn kò tíì là fi ń ra ọ̀kan ní iye èkejì. Nọ́ńbà ojú ewé a máa tú àṣírí rẹ̀ nígbà mìíràn, nítorí pé ọ̀pọ̀ ẹ̀dà ọ̀tọ̀ ni a bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà rẹ̀ láti orí ení. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn.

Àwọn tí ó gbèjà odindi ìwé ń tọ́ka sí ìwé 1824 fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣí i yóò rí i pé ọ̀rọ̀ William Conybeare lórí Plesiosaurus, ẹ̀dá inú omi tí ọrùn rẹ̀ gùn bí okùn kànga, bẹ̀rẹ̀ ní ojú ewé 381, ó sì parí sí 389; ní ojú ewé 390 ni Buckland gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ kan náà ni àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀, nínú gbọ̀ngàn kan náà. Ẹni tí ó bá gé ewé Buckland jáde ti ya ọ̀rọ̀ alẹ́ náà sí méjì, ẹni tí ó bá sì rà á kò ní í mọ̀ pé Plesiosaurus ni àwọn ènìyàn wá wò, pé alábàákẹ́gbẹ́ lásán ni Megalosaurus ní alẹ́ tí a sọ ọ́ lórúkọ. Níhìn-ín, èmi kò fi ọ̀rọ̀ mi pamọ́: ẹni tí ó gé ìwé pa ẹlẹ́rìí. Síbẹ̀, kí á má ṣe tan ara wa, odindi ìwé wúwo, ó ń gbàyè, owó rẹ̀ sì kọjá ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, nígbà tí ewé tí a ti gé láti àádọ́ta ọdún sẹ́yìn kò lè padà sínú ìyá rẹ̀ mọ́, ó sì sàn kí ẹnìkan tọ́jú rẹ̀ ju kí ó di ohun tí a fi ń di àkàrà lọ.

Àwọn tí ń tọ ipasẹ̀ àwòrán

Àwọn wọ̀nyí ní ọ̀rọ̀ a máa yí padà, ṣùgbọ́n àwòrán tí a fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ yà kì í parọ́. Wọ́n ń fi àwòrán àgbọ̀n ìsàlẹ̀ Megalosaurus tí ó wà nínú ìwé Buckland ṣe àpẹẹrẹ: eyín ńlá kan yọ gọngọ, ó tẹ̀ sẹ́yìn, etí rẹ̀ rí ṣákaṣàka bí ti ayùn, àwọn eyín kéékèèké sì ń yọjú láti inú ihò tiwọn láti gba ipò rẹ̀. Mary Morland ni ó yà á, ó sì di ìyàwó Buckland ní ọdún kejì. Aya Mantell, Mary Ann, ni ó ṣe àwòrán ìwé ọkọ rẹ̀ tí ó jáde ní 1822. Ẹni tí ó bá ń kó ọ̀rọ̀ nìkan jọ yóò rò pé ọkùnrin nìkan ni ó ṣe iṣẹ́ yìí. Àwòrán ni ó fi ọwọ́ àwọn obìnrin hàn.

Ẹ̀rí tí ó tóbi jù fún ẹgbẹ́ yìí ti ilẹ̀ Íjíbítì wá. Ní 1915 ni Ernst Stromer, onímọ̀ ará Munich, tẹ ìwé rẹ̀ lórí Spinosaurus jáde, ẹranko tí a wú egungun rẹ̀ ní aṣálẹ̀ Bahariya, tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ ní igi egungun gàgàrà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ènìyàn ní gígùn. Ní òru kan nínú oṣù Kẹrin ọdún 1944, bọ́ǹbù àwọn ọkọ̀ òfuurufú ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì bọ́ sórí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Munich, egungun náà sì jóná ráúráú. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ohun tí ayé mọ̀ nípa Spinosaurus yìí kò ju ohun tí Stromer kọ àti ohun tí ó yà lọ, pẹ̀lú fọ́tò bíi mélòó kan tí a padà rí. Bákan náà ni egungun ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà tí Owen fi sọ Massospondylus lórúkọ ní 1854 bá ogun kan náà lọ ní London. Nígbà tí egungun lọ, ìwé ni ó jókòó sípò rẹ̀.

Àléébù wọn kò sì farasin. Ẹni tí ó bá nífẹ̀ẹ́ àwòrán ju ọ̀rọ̀ lọ ni oníbàárà àkọ́kọ́ fún àwọn tí ń gé ìwé, nítorí pé àwòrán tí a fi gíláàsì bò sára ògiri ni ó ń wá. Àwòrán pẹ̀lú a máa parọ́. Mantell gbé egungun ṣónṣó kan sí orí imú Iguanodon bí ìwo àgbáǹréré, àwọn ère tí Benjamin Waterhouse Hawkins mọ fún Crystal Palace ní 1854 sì gbé e sí ibẹ̀ pẹ̀lú. Ìgbà tí a rí odindi egungun wọn nínú ihò èédú Bernissart ní 1878, tí Louis Dollo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé lórí wọn ní 1882, ni ó tó dájú pé àtàǹpàkò ni.

Àwọn tí ń tọ́jú àṣìṣe

Láti inú èyí ni ẹgbẹ́ kékeré kan ti yọ, tí ó ní ìwé tí ó ṣì ọ̀nà ni ó níye lórí jù, nítorí pé òun ni ó fi bí ìmọ̀ ṣe ń rìn hàn. Wọ́n ń kó ìwé Edward Hitchcock ti 1858 jọ, ẹni tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ wọn ipasẹ̀ ẹsẹ̀ oníka mẹ́ta lórí òkúta Massachusetts, tí ó sì kú pẹ̀lú ìdánilójú pé ẹyẹ ńláńlá ni ó ni wọ́n. Wọ́n ń kó àwòrán Brontosaurus tí Othniel Marsh tẹ̀ ní 1883 jọ, tí orí ẹranko mìíràn wà lọ́rùn rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń wá jù ni ìwé Edward Cope ti 1869 lórí Elasmosaurus, tí kì í tilẹ̀ ṣe dáínósọ̀, nínú èyí tí ó gbé orí ẹranko náà sí ibi ìrù. Nígbà tí àṣìṣe náà hàn, Cope sáré láti gba gbogbo ẹ̀dà rẹ̀ padà, ó sì tẹ òmíràn. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, bí ó bá jábọ́, fífọ́ ní í fọ́, àwọn ẹ̀dà kan kò padà sí ọwọ́ rẹ̀ láéláé.

Mo gba tiwọn, ṣùgbọ́n kò wọ̀ mí lára tán, nítorí pé ìfẹ́ àṣìṣe a máa di ìfẹ́ ẹ̀sín. Ìjà Cope àti Marsh, àwọn onímọ̀ ará Amẹ́ríkà méjì tí ń bá ara wọn díje lórí egungun, èyí tí ó dé inú ìwé ìròyìn New York Herald ní 1890, ti gba àyè lórí pẹpẹ àwọn olùkójọ ju bí ó ti yẹ lọ, nígbà tí ìwé Joseph Leidy lórí Hadrosaurus ti 1858, tí ó fi jẹ́jẹ́ sọ pé ẹranko náà lè fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjì dúró, kì í fi bẹ́ẹ̀ mú kí ọwọ́ sáré sókè ní gbàǹjo.

Ìwé tí kò dé ọwọ́ atẹ̀wé

Ẹgbẹ́ mìíràn ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ: lẹ́tà, ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́, ìwé ìṣirò owó àwọn òṣìṣẹ́. Wọ́n ń tọ́ka sí Mantell. Nínú ìwé rẹ̀ ti ìṣáájú, ó ní ìyàwó òun ni ó rí eyín àkọ́kọ́. Ní 1851, ó ní òun fúnra òun ni. Ìwé tí a tẹ̀ kò lè parí ìjà yìí láéláé, nítorí pé òun gan-an ni ó dá a sílẹ̀. Inú ìwé ìkọ̀kọ̀ nìkan ni ìrètí kù sí, púpọ̀ nínú ti Mantell sì wà ní Wellington, ní New Zealand, nítorí pé ọmọ rẹ̀ ni ó kó wọn lọ.

Ọ̀rọ̀ ìwé ìkọ̀kọ̀ yìí kàn wá ní Áfíríkà ju ìyẹn lọ. Láàárín 1909 sí 1913, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Berlin wú egungun tí ó ju 200 tọ́ọ̀nù lọ ní Tendaguru, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Tanzania lónìí. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwọn ọmọ ilẹ̀ náà ni ó wa ilẹ̀, tí wọ́n sì fi orí ru egungun náà lọ sí èbúté Lindi, ìrìn ọjọ́ mélòó kan. Boheti bin Amrani sì ni olórí wọn. Nínú àwọn onímọ̀ tí Berlin rán lọ, Edwin Hennig kọ ìwé lórí iṣẹ́ náà ní 1912, Werner Janensch sọ Brachiosaurus brancai lórúkọ ní 1914, ó sì ń kọ̀wé lórí egungun wọ̀nyẹn títí di 1961. Orúkọ Boheti kò sí lẹ́yìn ìwé kankan nínú wọn. Ọdún 2007 ni a tó fi orúkọ rẹ̀ sọ dáínósọ̀ kan, Australodocus bohetii. Ẹni tí ó bá kó gbogbo ìwé Janensch jọ pé pérépéré, tí ó sì ní òun ti kó Tendaguru jọ, ìdajì ni ó kó.

Ṣùgbọ́n àwọn ìwé ìkọ̀kọ̀ pàápàá, ọ̀gá ni ó kọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn, ohùn ẹni tí ó ru egungun kì í sì í dún nínú wọn bí kò ṣe láti ẹnu ẹlòmíràn. Wọn kì í sì í ju ẹyọ kan lọ: bí ọlọ́rọ̀ kan bá ra lẹ́tà kan, tí ó tì í mọ́ inú àpótí, ó ti tì í mọ́ gbogbo ayé nìyẹn.

Àwọn tí ó ní íntánẹ́ẹ̀tì ti tó

Láti ìgbà tí àwọn ilé ìkàwé ńláńlá ti para pọ̀ dá Biodiversity Heritage Library sílẹ̀ ní 2006, ọ̀pọ̀ nínú ìwé tí mo ti dárúkọ ni ẹnikẹ́ni lè kà lórí kọ̀ǹpútà láìsan kọ́bọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ní Dar es Salaam tàbí ní Ìbàdàn lè ka Buckland láìwọ ọkọ̀ òfuurufú, àǹfààní tí àwọn ẹgbẹ́ ìyókù kò lè fún un sì ni. Ẹgbẹ́ yìí bá béèrè pé kí ni à ń kó bébà jọ fún mọ́, bí kì í bá ṣe fún fáàrí.

Ìbéèrè náà tọ́, ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ẹ̀dà kan ni ẹ̀rọ yà, àbùkù ẹ̀dà kan yẹn ni gbogbo ayé sì jogún. Èèpo tí ó gbé ọjọ́ ìtẹ̀jáde, ẹni tí ó di ìwé ti ya á dànù tipẹ́ kí ẹ̀rọ tó dé. Àwòrán fífẹ̀ tí a ṣẹ́ po a máa wà ní ṣíṣẹ́po bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn, apá kan rẹ̀ nìkan ni a sì máa ń rí. Nígbà tí Linda Hall Library ní Kansas City pàtẹ ìwé àkọ́kọ́ wọ̀nyí fún aráyé wò ní 1996, ohun tí ó mú kí ó ṣeé ṣe ni pé bébà náà wà lọ́wọ́ wọn. Bí a kò bá rí àdàn, à ń fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Ẹni tí kò ní ọ̀nà àtidé ibi tí bébà wà kò ṣẹ̀ bí ó bá ń ka ti ẹ̀rọ, ilé ìkàwé tí ó ju bébà nù nítorí ẹ̀rọ ni ó ṣẹ̀.

Ohun tí kò tíì yanjú

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ọ̀rọ̀ mélòó kan ṣì wà lórí àtẹ. Bí a kò bá rí ọjọ́ lára ẹ̀dà ọ̀tọ̀, kò sí ìlànà kan tí gbogbo olùkójọ fọwọ́ sí láti fi sọ bóyá ó ṣáájú ìwé ńlá rẹ̀ tàbí ó tẹ̀lé e, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ ẹranko lè gbára lé e. Àwọn ará Tanzania ti ń béèrè ẹ̀tọ́ wọn lórí egungun tí ó wà ní Berlin, ṣùgbọ́n ìbéèrè nípa ìwé tí a kọ lórí pápá náà kò tíì hàn tó bẹ́ẹ̀: bóyá ẹ̀dà rẹ̀ ni ó yẹ kí ó lọ sí Dar es Salaam, tàbí ojúlówó rẹ̀, àti bóyá ó yẹ kí á kọ́kọ́ túmọ̀ àwọn ìwé Janensch láti èdè Jámánì sí Swahili, kí àwọn ọmọ Lindi lè mọ ohun tí àwọn baba ńlá wọn rù.

Èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ ni ti orúkọ inú ẹ̀rọ. Láti 2012 ni òfin ìsọlórúkọ ti gbà pé a lè sọ ẹranko tuntun lórúkọ nínú ìwé tí kò ní bébà kankan, bí a bá ti fi orúkọ ìwé náà sílẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ ZooBank. Àwọn dáínósọ̀ kan ti wà báyìí tí ìwé àkọ́kọ́ wọn kò ní èèpo, tí kò ní ẹ̀dà ọ̀tọ̀, tí òǹkọ̀wé kò sì lè fọwọ́ sí. Ohun tí olùkójọ yóò máa tọ́jú nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, àti ẹni tí yóò jẹ́rìí pé kò sí ẹni tí ó yí i padà lẹ́yìn ọjọ́ tí ó jáde, kò sí ẹgbẹ́ kankan nínú àwọn tí a ti kà sílẹ̀ yìí tí ó ti dáhùn rẹ̀.